Mo ti wọ wọn tán: bírésì orúnkún, ìtẹ́lẹ̀ bàtà àti ìdè àtàǹpàkò, lójú aránṣọ

Ẹni tí aromọléegun ń bá jà, tó sì ń kánjú, èsì mi rèé. Bírésì orúnkún tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi téèpù wọn ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó yàn án fún mi, ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Ìdè àtàǹpàkò ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹrù yìí, òun ni màá mú. Ìtẹ́lẹ̀ bàtà tó ga lápá kan kò ṣe orúnkún mi lóore kankan. Ìbọ̀ orúnkún tí wọ́n ní bàbà wà nínú òwú rẹ̀, ooru ló ní, kò ní nǹkan mìíràn. Ọ̀pá, èyí tí kò ní ìpolówó kankan, ló yà mí lẹ́nu jù.

Aránṣọ ni mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dúró nídìí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, lẹ́yìn náà màá jókòó sídìí máṣíìnì, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí pẹ́dà, ọwọ́ ọ̀tún lára aṣọ. Orúnkún ọ̀tún àti ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún náà ni aromọléegun sì yàn láti bá mi gbé. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun, dókítà nàka sí i fún mi: ní ìhà inú orúnkún, àyè tó yẹ kó wà láàárín egungun itan àti egungun ojúgun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ní ìhà òde, àyè náà ṣì wà bó ṣe yẹ. Ohun yíyọ̀ tó ń bo orí egungun, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn, ti jẹ lọ níbẹ̀. Mo ń sọ iṣẹ́ mi torí pé ojú tí mo fi ń wo àwọn nǹkan wọ̀nyí yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé bírésì lé mi lọ́wọ́, inú rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yí síta. Màá wo ibi tí ojú rírán ti kọjá, màá fa rọ́bà rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń padà sípò, màá fi èékánná họ etí Velcro rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ̀yìn ìyẹn ni màá tó kà á.

Ìbọ̀ orúnkún ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ rà, torí òun ló wà níbi gbogbo. Ẹ ó fà á wọ̀, ó parí. Mi ò ní bú u. Ó ń mú orúnkún móoru, ó ń fún un mọ́ra díẹ̀, ìfúnmọ́ra yẹn sì máa ń jẹ́ kí ara mọ ibi tí orúnkún wà, ìgbésẹ̀ á wá balẹ̀. Lówùúrọ̀ tí oríkèé bá gan, èmi pàápàá ṣì ń wọ ọ́ títí ara á fi rọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù kúrò lórí egungun. Kò sí irin nínú rẹ̀, kò sí ohun tó lè ti orúnkún síbì kankan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé aṣọ rírọ̀ ń ya egungun méjì sọ́tọ̀, ọjà ló ń tà.

Ti bàbà yẹn ńkọ́? Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì York tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ẹ̀gbà ọwọ́ ṣe. Wọ́n fún àwọn tó ní làkúrègbé (rheumatoid arthritis), tó yàtọ̀ sí tèmi, ní ẹ̀gbà bàbà àti ti mágínẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún fún wọn ní ayédèrú tó jọ wọ́n, wọ́n ń wọ̀ wọ́n ní ìtẹ̀léra. Ìrora kò yàtọ̀, wíwú oríkèé kò yàtọ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni wọ́n dán wò o, wọn ò dán ìbọ̀ orúnkún wò. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba owó bàbà lọ́wọ́ mi, òun ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá.

Tí ẹ bá máa ra ìbọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ̀yìn orúnkún ni aṣọ ti ń ká jọ nígbà tí a bá jókòó, bí ojú rírán tó nípọn bá wá gba ibẹ̀ kọjá, á ha awọ yín títí á fi bó. Èyí tó dáa, ojú rírán rẹ̀ á pẹlẹbẹ, á sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ; àwọn kan tilẹ̀ ń hun ún roboto láìrán an rárá, wọ́n á fi òwú tó fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n fi rọ́bà neoprene ṣe tún ní ìṣòro tiwọn. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní thiourea wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ara àwọn kan kì í gbà á. Àbúrò mi obìnrin wọ tirẹ̀, gbogbo ibi tí rọ́bà náà dé ló sú pẹ́pẹ́, bí wọ́n fi chalk fa ìlà rẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bírésì gan-an ló gba àlàyé. Nígbà tí a bá ń rìn, orúnkún kì í pín ẹrù ara dọ́gba; ìhà inú ló ń gbé nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú 100. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìhà inú ló sábà máa ń jẹ lọ ṣáájú. Bó bá sì ti jẹ lọ, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síta ní orúnkún, títẹ̀ yẹn á tún da ẹrù púpọ̀ sí i sí ìhà inú, wàhálà á wá máa bí wàhálà. Bírésì tí mo ń sọ yìí, ibi mẹ́ta ló ti ń di ẹsẹ̀ mú: itan lókè, ojúgun nísàlẹ̀, orúnkún fúnra rẹ̀ láàárín. Ẹ ronú ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì di igi tútù mú lórí méjèèjì, tó wá fi orúnkún ti àárín rẹ̀. Bí igi yẹn ṣe ń tẹ̀ ni bírésì ṣe ń tẹ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ní òdìkejì ibi tó ti wọ́, díẹ̀ báyìí, kí ìhà inú lè rí àyè.

Ẹ wá rí i pé apá kan ló wà fún. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ jẹ nínú jẹ lóde, tàbí tí ìrora rẹ̀ wà lẹ́yìn egungun roboto iwájú orúnkún, èyí kọ́ ni tirẹ̀. Irú tó wà fún egungun roboto yẹn yàtọ̀, òun a máa ní ihò níwájú àti ìrọ̀rí kékeré tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Mo ti rí oníbàárà mi kan tó wọ irú tèmi sórí orúnkún tó ń dùn ún níwájú, ó ń ráhùn pé bírésì kò dáa. Bírésì náà kò ṣẹ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn yín gan-an.

Ọmọkùnrin tó wọ̀n mí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n rìn lọ kí n rìn bọ̀ láìwọ bàtà kó tó mú téèpù rárá, ó ń wo orúnkún mi láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló sàmì sí àárín egungun roboto, ó wọn sẹ̀ǹtímítà 15 sókè, ó wọn 15 sísàlẹ̀, ó sì yí téèpù ká itan àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun níbi tó sàmì sí. Ó wọn fífẹ̀ orúnkún fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó ń fa téèpù náà jù. Mo ní, "Ẹ rọra fà á, ọmọ mi. Bí ẹ bá fà á báyìí, inú ẹran lẹ ń wọ̀n, á há mi nígbà tí mo bá jókòó." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Iṣẹ́ yín ni, mo gbà." Ó tún un wọ̀n. Èyí tó gbé jáde tún fi ìwọ̀n kan tóbi ju èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ mú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọn ẹsẹ̀ yín nírọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ tó bá ti dúró láti àárọ̀ a máa wú.

Wíwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí kọ́ dáadáa, wọ́n á wá sọ pé ó ń yọ̀ wálẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń yọ̀ wálẹ̀. Itan nípọn lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá so mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Aránṣọ èyíkéyìí tó bá ti ran ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀ mọ èyí. Ohun tó ń gbé bírésì dúró ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ ti tún fẹ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jókòó sétí àga, ẹ tẹ orúnkún, ẹ gbé híńjì, ibi tí irin ẹ̀gbẹ́ ti ń ká, sí ẹ̀gbẹ́ egungun roboto kí wọ́n ṣe déédéé. Okùn tó wà lókè ẹran ẹ̀yìn ojúgun, lábẹ́ orúnkún, ni kí ẹ kọ́kọ́ dì, kí ẹ sì dì í le ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó di àwọn tó kù, ti itan ni kó gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá dìde, ẹ rìn díẹ̀, ẹ tún okùn ìsàlẹ̀ fà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tèmi ṣì ń yọ̀ díẹ̀ bí mo bá ti dúró pẹ́, mi ò ní parọ́. Mo máa ń gbé e sókè ní ọ̀sán. Kò sí èyí tí kì í yọ̀ rárá.

Kí ló wá ṣe fún mi? Àtẹ̀gùn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ló máa ń dùn mí ju gígùn lọ, ní ìgbésẹ̀ tí gbogbo ara bá bọ́ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, nǹkan kan á gún mi ní ìhà inú bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ. Pẹ̀lú bírésì, gígún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìdúró nídìí tábìlì náà pẹ́ sí i: mo lè gé gbogbo ara kóòtù kan, ara rẹ̀ àti apá rẹ̀ àti ìtẹ́nú rẹ̀, kí n tó wá àga. Ohun tí kò ṣe náà wà. Kò kan gígan òwúrọ̀. Kò kan ìrora òru, kò sì yẹ kí ẹ wọ ọ́ sùn. Bí mo bá sì ti tú u, orúnkún náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó wà lára nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé yóò wo òun sàn, yóò bá a jà.

Ó tún nípọn. Kò wọ abẹ́ ṣòkòtò tó bá ara mu. Èmi tú ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò mi, mo fi aṣọ kún un láti itan dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á ní láti wá ẹni tó máa bá a ṣe é, tàbí kó máa wọ yẹ̀rì. Mi ò tíì rí ilé iṣẹ́ bírésì tó kọ ìyẹn sára páálí.

Ẹ ó gbọ́ pé àwọn dókítà kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ìlànà 2019 ti American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí bírésì orúnkún gidigidi fún ẹni tí aromọléegun orúnkún rẹ̀ ń da ìrìn rẹ̀ rú. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní 2022 pé kí wọ́n má kàn máa pín bírésì, ìdè àti ìtẹ́lẹ̀ bàtà fún gbogbo ènìyàn. Àfi bí oríkèé bá ń yẹ̀ tàbí tí ẹrù kò bá balẹ̀ sórí rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí eré ìdárayá nìkan kò tó tàbí tí kò ṣeé ṣe láìsí ohun ìdè, tó sì jọ pé ìrìn àti iṣẹ́ onítọ̀hún á dáa sí i. Lójú tèmi, ìjà kọ́ nìyẹn. Orúnkún tó tẹ̀ síta, tó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìrìn rẹ̀ ti yí padà, ni àwọn méjèèjì ń sọ. Orúnkún tó kàn ń roni lẹ́yìn iṣẹ́, bírésì tó ní irin ti pọ̀ jù fún un.

Físíò mi kò sì jẹ́ kí n fi bírésì sá fún eré ìdárayá. Iṣan iwájú itan ni bírésì tí Ọlọ́run dá mọ́ wa, ohun tó wí nìyẹn, ó sì ní kí n máa na ẹsẹ̀ lórí àga lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ sísanra náà wà ńbẹ̀: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé kílò kan téèyàn bá fi fọn, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́, mo ń gbìyànjú, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Awọ ara ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù. Wákàtí kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tú u, ẹ wo ibi tí okùn ti tẹ̀. Pípọ́n díẹ̀ kò burú. Bó bá wá tó ìṣẹ́jú 30 tí pípọ́n náà kò lọ, ó há jù tàbí kò jókòó dáadáa, ẹ padà lọ bá ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ ìrora mọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ní egbò níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dá a wọ̀ láìrí dókítà, torí okùn lè dá ọgbẹ́ sí i lára kó má mọ̀. Oríkèé tó bá sì ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó gbóná, pàápàá bí ibà bá bá a rìn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bírésì.

Ìtẹ́lẹ̀ bàtà ńkọ́? Èyí tí wọ́n fún mi ga ní ìhà òde, ó rẹlẹ̀ ní ìhà inú. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára létí: bí ẹ bá gbé ẹ̀gbẹ́ òde àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, ẹrù á sún kúrò ní ìhà inú orúnkún. Orúnkún mi kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, ọrùn ẹsẹ̀ mi ló mọ̀, ó sì fẹjọ́ sùn. Ìlànà 2019 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan gan-an gbani níyànjú pé kí wọ́n má lo irú ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún aromọléegun orúnkún. Ẹni tó ń tà á kò sọ ìyẹn fún mi.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oríkèé ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dunni, ìtẹ́lẹ̀ bàtà níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìrora lábẹ́ ẹsẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ìka ti so mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní ìtẹ́lẹ̀ tó ní òkìtì fóòmù kékeré kan lórí, ó wọ̀ ọ́, ó ní ó burú sí i. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, òkìtì náà wà lábẹ́ ibi tó ń dùn ún gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló yẹ kó wà, ní ìhà gìgísẹ̀, kó lè gbé àwọn egungun náà sókè kí orí wọn má baà máa lu ilẹ̀. Mo mú chalk tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo kùn ún sí ibi tó ń dùn ún, mo ní kó tẹ ìtẹ́lẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Àmì náà yọ síbẹ̀ funfun. A ṣí fóòmù kúrò, a lẹ̀ ẹ́ padà sí ẹ̀yìn àmì náà. Ìyẹn ló wọ̀ títí di òní. Ẹ rántí pé ẹ ní láti yọ ìtẹ́lẹ̀ tó bá bàtà wá kúrò kí ẹ tó fi tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gìgísẹ̀ á máa yọ jáde. Ẹni tó bá jẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gan, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tí kì í ká, tí iwájú rẹ̀ sì yí sókè díẹ̀, máa ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé àtàǹpàkò náà kò ní láti tẹ̀ mọ́ bó bá ń gbé ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àtàǹpàkò ọwọ́ dáadáa. Ìdí rẹ̀, níbi tó ti pàdé ọrùn ọwọ́, ni aromọléegun fẹ́ràn, pàápàá lára àwa obìnrin. Àwọn méjì tó ṣèwádìí lórí agbára inú oríkèé yìí ní 1977 rí i pé bí ẹ bá fi agbára kílò kan ṣoṣo fún nǹkan pọ̀ láàárín orí àtàǹpàkò àti ìka, bíi kílò 12 ló ń dé ìdí àtàǹpàkò. Ẹ wá rò ó wò: àlùmọ́gàjí ńlá lórí aṣọ ìlọ́po mẹ́rin, láti àárọ̀.

Obìnrin físíò ọwọ́ ló ṣe tèmi lójú mi. Ó gé ike pẹlẹbẹ kan, ó rì í sínú omi gbígbóná, nǹkan bí ìwọ̀n 65 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ike náà rọ̀ wọ̀ǹjẹ̀. Ó fi aṣọ nu omi rẹ̀, ó dúró kó tutù díẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ìdí àtàǹpàkò mi, ó ní kí n di ìgò kan mú bí ẹni fẹ́ mu omi. Kò pẹ́ rárá tó fi le. Ó tún fi àlùmọ́gàjí gé ibi tó kọjá àyè, ó sì fi ooru yí etí rẹ̀ síta kó má baà gé mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí etí yẹn, nítorí èmi náà mọ̀ pé etí ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ mi wà ní òmìnira, orí àtàǹpàkò mi náà wà ní òmìnira. Mo lè di abẹ́rẹ́ mú, mo lè ki òwú bọ̀ ọ́. Ìdí nìkan ló dè mọ́lẹ̀. Ìlànà 2019 fọwọ́ sí ìdè yìí gidigidi pẹ̀lú, ìyẹn fún ìdí àtàǹpàkò.

Mo ní èyí tó rọ̀ náà, tí wọ́n fi aṣọ rọ́bà rán. Òun ni mo máa ń wọ̀ bí mo bá ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ, torí èyí tó le máa ń ha aṣọ síliki. Ti ike yẹn ló wà fún gígé. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ohun tí omi gbígbóná mọ, omi gbígbóná náà lè tú u: ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn, ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo tún ra àlùmọ́gàjí tó ní sípíríǹgì, tó ń ṣí ara rẹ̀ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Ìdajì iṣẹ́ àtàǹpàkò ló gbà kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀pá ni mo fojú di jù lọ nínú gbogbo wọn. Físíò ní kí n mú un dání ní ọwọ́ òsì, orúnkún ọ̀tún sì ni ó ń dùn mí. Bẹ́ẹ̀ ló rí: ọwọ́ òdìkejì ni wọ́n fi ń mú un, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dunni jọ máa bọ́ sílẹ̀ pọ̀. Ẹ dúró ṣánṣán nínú bàtà tí ẹ ń wọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀, orí ọ̀pá yẹ kó ga dé ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ká, kí ìgúnpá lè tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá dì í mú. Rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ilà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó yọ̀ yín ṣubú. Ní ọjọ́ tí mo bá ń rìn jìnnà, ọ̀pá àti bírésì ni mo ń lò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àwọn tó ń pe fóònù. Ní oṣù kẹrin 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan àwọn ènìyàn 24 lórí jìbìtì bírésì tí wọ́n ní ó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ: wọ́n ń pe àwọn àgbàlagbà, wọ́n ń ṣèlérí bírésì ọ̀fẹ́ fún ẹ̀yìn, èjìká, orúnkún, dókítà tí kò rí wọn rí ń fọwọ́ sí i, owó ìtọ́jú wọn ni wọ́n sì ń fà yọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún yín ní bírésì láìfi téèpù kan yín lára, ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ pa gbogbo Velcro dé kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kó má baà ha aṣọ inú rẹ̀. Ọwọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi atẹ́gùn, ẹ má ki í bọnú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Nínú ìsọ̀ tèmi, fọ́nrán òwú ló ń pa Velcro: wọ́n á kún inú ìkọ́ rẹ̀, okùn á wá máa tú fúnra rẹ̀ ní àárín iṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ń yọ wọ́n, àwọn tó bá wọlé jù ni mo ń fi abẹ́rẹ́ fà jáde.

Okùn ojúgun tèmi ti gbó, a ti pààrọ̀ rẹ̀, ìrọ̀rí inú rẹ̀ náà ti pẹlẹbẹ, a ti pààrọ̀ ìyẹn pẹ̀lú. Híńjì kò yẹ̀, ojú rírán kan kò sì tú. Mo lè rán okùn mìíràn fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀n mí bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é, torí bí okùn kan bá kúrú ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ, ibi mẹ́ta tó ń ti ẹsẹ̀ yẹn á yí padà. Mo gbà fún un. Bí mo bá máa ra òmíràn, irú kan náà ni, àfi kí okùn àti ìrọ̀rí rẹ̀ ṣeé tú, kí wọ́n sì máa tà wọ́n lọ́tọ̀.